Tata jẹ ẹ̀gẹ́ kan, ó fi ìkejì sílẹ̀: Ohun tó wà nínú ewé àti irúgbìn tó ń pinnu kòkòrò tó máa jẹ ẹ́

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú dáadáa, láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀gẹ́ mọ ohun tójú ń rí. Tata aláwọ̀ dúdú àti yẹ́lò, èyí tó ń rùn, tí kì í yára fò bíi tàwọn yòókù, á ya bo oko. Wọ́n á jẹ ewé, wọ́n á tún bó èèpo ara igi, nígbà míì ọ̀pá lásán ló máa ń kù lórí ebè. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ wo oko náà, ẹ ó rí i pé wọn ò jẹ gbogbo rẹ̀ bákan náà. Ẹ̀gẹ́ kan á ti di igi gbígbẹ, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, àwọn míì á ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló yàtọ̀.

Ilẹ̀ lè dá sí i lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀ ni ohun tó wà nínú ewé yẹn fúnra rẹ̀. Igi ò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá, kò sì lọ́wọ́ tó lè fi lé kòkòrò dànù. Inú oje rẹ̀ ló kó ohun ìjà rẹ̀ sí. Bí ohun ìjà yìí ṣe pọ̀ tó, ibi tó wà lára igi, àti ìgbà tó ń jáde, gbogbo rẹ̀ ló yàtọ̀ láti irú ẹ̀gẹ́ kan sí òmíràn, bó ṣe yàtọ̀ láti irú ẹ̀wà kan sí òmíràn. Ká tó dé ìdí ọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò rárá, irúgbìn tá a yàn lè ti bá wa ja ìdajì ogun náà, ó sì lè ti bá wa pàdánù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí kò ní oko pàápàá, nítorí oògùn tí wọ́n ń fọ́n sórí ẹ̀wà nínú àká, inú ìkòkò wa ló ń parí sí.

Májèlé inú ẹ̀gẹ́, ta ni wọ́n dẹ ẹ́ dè?

Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò ní tútù. Àwọn tó ń sin ewúrẹ́ náà mọ̀ pé èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, tí kò tíì rí oòrùn, lè pa ẹran tó bá jẹ ẹ́ yó. Sáyánáìdì ló ń ṣe é. Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Sáyánáìdì kì í dá dúró nínú ẹ̀gẹ́ tó wà láàyè. Ká ní ó dá dúró níbẹ̀ ni, ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ pa.

Ohun tó wà nínú ewé, igi àti gbòǹgbò rẹ̀ ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní linamarin, tí kò tíì di májèlé. Ẹ̀gẹ́ kó o sínú àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ò lè rí. Èròjà kejì, tó ń jẹ́ linamarase, wà lára ògiri tó yí àwọn yàrá kéékèèké inú ewé ká. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan ewé náà, àwọn méjèèjì ò ní pàdé láé. Ṣùgbọ́n bí eyín kòkòrò tàbí ọ̀bẹ bá fọ́ ògiri yẹn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á dà pọ̀, sáyánáìdì á sì tú jáde. Bíi ìṣáná àti kẹrosíìnì ni: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà nínú ilé, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé ni wàhálà dé.

Ẹ wá wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe gàrí. Tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́, ògiri ni wọ́n ń fọ́, kí èròjà méjèèjì lè dà pọ̀. Tí wọ́n bá dì í sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń fún un láyè kó ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá gbé òkúta lé e tàbí tí wọ́n fún un, omi olóró ń ṣàn lọ. Yíyan lórí iná ló ń lé èyí tó bá ṣẹ́kù. Láfún àti fùfú náà, omi ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kánjú, tó ń rin ẹ̀gẹ́ láàárọ̀ tí wọ́n sì ń yan án nírọ̀lẹ́, fi ń ṣe ohun tó léwu. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí tó lórúkọ káyé lórí àìsàn kan tó ń mú kí ẹsẹ̀ ku, kí ojú àti etí sì máa di, láàárín àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ ní agbègbè Ìjẹ̀bú. Sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ló fura sí.

Nítorí náà, ohun tá a fi ọjọ́ mẹ́ta lé jáde nínú gàrí wa, òun gan-an ni ẹ̀gẹ́ fi ń lé kòkòrò. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Bí àwọn onímọ̀ bá mú ẹ̀gẹ́ tí kò korò rárá jáde, tí ọmọdé lè sè jẹ láìsí ewu, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ibi tí ẹ̀gẹ́ ti pẹ́ ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ, kòkòrò dúdú kan wà tó ń gbé inú ilẹ̀, tó sì ń fi ẹnu rẹ̀ gún gbòǹgbò ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ dídùn ló máa ń bà jẹ́ jù. Tí wọ́n bá gbin èyí tó korò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kòkòrò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú.

Àwọn àgbẹ̀ wa náà ti mọ èyí tipẹ́ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ìwé fún wọn kà. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ń gbin ẹ̀gẹ́ dídùn díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tójú wọn tó o, èyí tí wọ́n lè hú ní ọ̀sán kí wọ́n sè é jẹ. Èyí tó korò, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí, ni wọ́n ń gbìn sí oko ìdí ọ̀nà tó jìn, níbi tí ewúrẹ́, òkété àti olè ti lè dé kí àwọn tó dé. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi èyí rẹ́rìn-ín pé àṣà àtijọ́ ni.

Tata àti ewé Akíntọ́lá

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ tata. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí, tó jáde lọ́dún 1977, fi hàn pé tata yìí kò fẹ́ràn ewé ẹ̀gẹ́ tútù bí a ṣe rò. Tó bá bù ú jẹ, sáyánáìdì á jáde, á sì fi ewé náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ tata tí wọ́n fún ní ewé ẹ̀gẹ́ tútù nìkan ò ṣe dáadáa rárá. Ṣùgbọ́n bí ewé náà bá ti rọ, tí omi ara rẹ̀ ti dín kù, májèlé tó ń jáde níbẹ̀ á dín kù, tata á sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ewé tó ti gbó náà kì í ní májèlé tó ọ̀dọ́ ewé.

Ìyẹn ló jẹ́ kí oṣù Kejì àti oṣù Kẹta burú. Koríko ti gbẹ, ebi ń pa tata, ọ̀dá sì ti mú kí ewé ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ rọ. Ohun ìjà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀gẹ́ tó bá korò gan-an lè dúró díẹ̀ sí i, èyí tí kò korò ló máa kọ́kọ́ lọ. Ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rí láàárín ebè sí ebè nìyẹn, pàápàá nínú oko tí wọ́n ti kó igi ẹ̀gẹ́ láti ibi mẹ́ta mẹ́rin wá gbìn, tí ẹnì kan ò mọ orúkọ èyíkéyìí nínú wọn mọ́.

Àmọ́ tata náà ní májèlé tirẹ̀ tó ń wá kiri. Ẹ mọ igbó kan tó ń hù sí gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bá fi sílẹ̀, tí ewé rẹ̀ ń rùn, tí wọ́n máa ń fún oje rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá? Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, àwọn kan ń pè é ní Akíntọ́lá. Ó jọ pé ìlú tẹ́ ẹ ti wá àti ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá yín ṣe ló ń pinnu èyí tẹ́ ẹ máa pè é. Kì í ṣe igbó ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, àkọsílẹ̀ sì sọ pé ó bá irúgbìn igi mẹ̀línà tí wọ́n kó láti Sri Lanka wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937.

Igbó yìí máa ń yọ òdòdó ní àsìkò ọyẹ́, ní nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní. Òórùn òdòdó yẹn ń fa tata láti ọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe pé ó ń wá oúnjẹ níbẹ̀. Ohun tó ń wá ni èròjà olóró kan tó wà nínú òdòdó náà, irú èyí tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ ẹran àti ti ènìyàn jẹ́. Tata á jẹ ẹ́, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, á wá tọ́jú rẹ̀ sínú ara. Nígbà tó bá fẹ́ yé, á fi lára rẹ̀ sínú ẹyin, kí àwọn tó ń jẹ ẹyin tata nínú ilẹ̀ má bàa fẹ́ fẹnu kàn án. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé bí igbó yìí ṣe gbalẹ̀ wà lára ohun tó sọ tata di ọ̀tá ńlá fún ẹ̀gẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igbó kan wọ ìlú láti òkè òkun, kòkòrò tó ti wà nílẹ̀ rí ohun ìjà tuntun gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gẹ́ ló wá ń jìyà rẹ̀.

Ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe sí i kò gbówó lọ́wọ́. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, àwọn abo tata máa ń kóra jọ sójú kan, lábẹ́ igbó tó ṣíji bo ilẹ̀ tó rọ̀, wọ́n á sì yé ẹyin sínú ilẹ̀ níbẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rọ̀ wọn lè lo ojú kan náà. Ẹyin yẹn á wà nílẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá kó tó pa. Ẹni tó bá ti fi igi sàmì síbi tí wọ́n ti ń kóra jọ, tó sì fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ibẹ̀ kí oòrùn lè pa ẹyin náà, ti pa tata tí ẹnikẹ́ni ò lè fi oògùn pa tán. Kò jìn nínú ilẹ̀. Ó kàn dára kí àwọn tó ní oko pọ̀ ṣe é ni, torí tata ò mọ ààlà.

Kòkòrò tí kì í fọ́ ògiri

Bí ẹ bá ti ń rò ó pé ẹ̀gẹ́ kíkorò ló parí ọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ dúró ná. Májèlé inú ẹ̀gẹ́ ò tíì jáde àfi bí ohun kan bá fọ́ ewé. Àwọn kòkòrò kan wà tí wọn kì í bu ewé jẹ. Ẹnu wọn rí bí abẹ́rẹ́. Wọ́n á rọra ti abẹ́rẹ́ yìí gba àárín àwọn yàrá inú igi kọjá, títí tó fi máa kan ojú ọ̀nà tí oje dídùn ń gbà, wọ́n á wá máa fà á mu. Ògiri tí wọ́n ń fọ́ kò tó nǹkan, nítorí náà májèlé kì í fi bẹ́ẹ̀ tú jáde.

Ọ̀kan lára wọn fẹ́ẹ̀ pa ilẹ̀ Áfíríkà lébi. Ó kéré, ara rẹ̀ funfun bíi pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé e lórí, abo ni gbogbo wọn, wọn ò sì nílò akọ kí wọ́n tó bímọ. Ní nǹkan bí ọdún 1973 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò oníyẹ̀fun yìí ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti bá igi ẹ̀gẹ́ wọlé. Kò pẹ́ tó fi tàn dé Nàìjíríà àti Benin. Itọ́ rẹ̀ máa ń mú kí orí ẹ̀gẹ́ ká jọ bí ìdì ẹ̀fọ́, igi náà ò sì ní ga mọ́. Nínú àwọn oko tó ti ṣe ọṣẹ́ jù, kò ku gbòǹgbò tó ṣeé hú, kò sì ku igi tó ṣeé gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA tó wà ní Ìbàdàn, tí Hans Herren, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ṣáájú wọn, rò ó pé ibi tí kòkòrò yìí ti wá, ohun kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó ń pa á. Wọ́n wá a kiri títí tí wọ́n fi rí i ní Paraguay lọ́dún 1981. Agbọ́n kan ni, kò tó èèrà kékeré. Abo rẹ̀ á yé ẹyin sínú ara kòkòrò oníyẹ̀fun, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Ọdún 1981 yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tó yá, wọ́n kó o káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà, láwọn ibì kan ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi tú u sílẹ̀. Wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn ńlá àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ìyẹn World Food Prize, lọ́dún 1995.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan oje igi rèé. Agbọ́n tó kéré báyẹn, báwo ló ṣe ń rí kòkòrò kan nínú oko ẹ̀gẹ́ tó tó odidi ìlú? Nígbà tí wọ́n dán an wò, wọ́n rí i pé ẹ̀gẹ́ tí kòkòrò oníyẹ̀fun bá wà lára rẹ̀ ń tú òórùn kan jáde tí ẹ̀gẹ́ tí kò ní kòkòrò kì í ní. Òórùn yẹn ni agbọ́n náà ń tẹ̀ lé. A lè sọ pé ẹ̀gẹ́ ń ké, ẹni tó yẹ kó gbọ́ sì ń gbọ́. Bí a bá wá fi oògùn apakòkòrò rin gbogbo oko, agbọ́n tó ń dáhùn igbe yẹn la máa kọ́kọ́ pa, torí ìyẹ̀fun ara kòkòrò yẹn máa ń gbà á lọ́wọ́ oògùn díẹ̀, agbọ́n ò ní ìyẹ̀fun kankan. Lọ́dún 2009, lẹ́yìn tí kòkòrò náà ti wọ orílẹ̀-èdè Thailand, ọ̀dọ̀ IITA ní Benin níbí ni wọ́n ti wá kó agbọ́n lọ.

Irú ẹ̀gẹ́ tá a gbìn tún lè pèsè ilé fún àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́. Kín-ín-kín-ín kan wà tó ń fa oje ewé ẹ̀gẹ́, tó ń sọ ewé di kékeré tó ní ojú tóótòòtó. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, nítorí náà ìbátan aláǹtakùn ni, kì í ṣe kòkòrò bíi tàwọn yòókù. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ mìíràn tí wọ́n kó láti Brazil, tí wọ́n sì kọ́kọ́ tú sílẹ̀ ní Benin lọ́dún 1993, ló ń pa á jẹ. Orí ẹ̀gẹ́ lókè téńté, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ni amúnijẹ yìí ń gbé ní ọ̀sán. Wọ́n wá kíyè sí i pé ẹ̀gẹ́ tí orí rẹ̀ ní irun díẹ̀díẹ̀ ló máa ń dúró sí jù. Lórí ẹ̀gẹ́ tí orí rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́, kì í pẹ́ tó fi ń lọ. Irun lásán, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí!

Ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ ń ká kò tó sì ń ní àbàwọ́n yẹ́lò, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kòkòrò àrùn tí ojú ò lè rí ló fa ìyẹn, eṣinṣin funfun wẹ́wẹ́ tó ń gbé abẹ́ ewé ló sì ń gbé e láti igi kan sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀gẹ́ tí IITA mú jáde, bíi TMS 30572, kò lé eṣinṣin yẹn. Á bà lé e, á fa oje rẹ̀, àrùn náà ni kò ní rí i gbé ṣe bó ṣe fẹ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ta igi ẹ̀gẹ́ fún yín, tó ní kò sí kòkòrò tó lè sún mọ́ ọn, ẹ bi í pé èwo nínú wọn.

Ẹ̀wà: ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé inú ìkòkò

Kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà níhò kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti oko ló ti ń yé sára èèpo ẹ̀wà tó ti gbó, á wá bá a wọ àpò. Nínú àpò, abo á lẹ ẹyin mọ́ ara ẹ̀wà gan-an. Ìdin tó bá jáde á lu ihò wọnú, á máa jẹ inú ẹ̀wà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ní nǹkan bí oṣù kan, kòkòrò á jáde láti ojú ihò róbótó tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, á yé tirẹ̀, ó tún di ọ̀tun. Láàárín oṣù mẹ́ta, àpò tó ní kòkòrò díẹ̀ lè di kìkì èèpo àti ìyẹ̀fun.

Ìbẹ̀rù èyí ló ń sún àwọn oníṣòwò débi oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní dichlorvos, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, tí àwọn míì ń rí nínú ọ̀tápíápíá. Oògùn tí wọ́n ṣe fún ara ògiri àti oko ni wọ́n ń dà sí oúnjẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà dúró nítorí pé oògùn yìí pọ̀ nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì sún ìdádúró náà síwájú lẹ́yìn náà. Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, ìyẹn ti mílílítà 100. Ẹ̀wà tí wọn ò gbà ní Yúróòpù, ẹ má gbàgbé, inú ọjà wa níbí náà ló ń wà.

Ṣé ẹ̀wà ò ní ohun ìjà tirẹ̀ ni? Ó ní in, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. IITA kó oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000 jọ sí Ìbàdàn láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n da kòkòrò sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn láti mọ èyí tó lè dúró. Àwọn tó dúró ò ju ìwọ̀nba tẹ́ ẹ lè ka lórí ìka. Èyí tó lórúkọ jù ni wọ́n pè ní TVu 2027. Kòkòrò á yé sí i lára, ìdin á wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ á kú síbẹ̀, àwọn tó bá yè á pẹ́ kí wọ́n tó jáde.

Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n rò pé èròjà kan tó ń dí ìdin lọ́wọ́ láti lọ oúnjẹ nínú ikùn ni. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ kan ní Brazil fi hàn pé amáradàgbà inú ẹ̀wà náà fúnra rẹ̀ ló yàtọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní vicilin. Ti ẹ̀wà yòókù, ìdin lè lọ̀ ọ́ kó sì fi dàgbà. Ti èyí máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun ìdin, kò sì ní lọ̀ dáadáa. Oúnjẹ kún ikùn, ebi sì ń pa á. Wọ́n ti mú ìwà yìí wọ inú àwọn ẹ̀wà tuntun; IT84S-2246-4, fún àpẹẹrẹ, lè dúró díẹ̀ níwájú kòkòrò inú àpò, ó sì tún lè dúró níwájú iná oko tó ń fa oje ewé.

Ṣùgbọ́n kòkòrò náà kì í sùn. Nígbà tí wọ́n tọ́ ọ ní ìran dé ìran lórí TVu 2027 nìkan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ ọn lára, àwọn ìran tó gbẹ̀yìn ò fi bẹ́ẹ̀ kú mọ́. Èyí ló ń jẹ́ kí n máa ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tó bá ní irúgbìn kan ṣoṣo ló máa gba gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nídìí ẹ̀wà tuntun tí wọ́n ń pariwo lé lórí, SAMPEA 20-T, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Zaria ṣe. Ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí i. Wọ́n mú èròjà àbínibí kan láti ara kòkòrò àìrí inú ilẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ̀wà náà lè máa ṣe ohun tó ń pa ìdin labalábá òru kan tó ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà lóko, èyí tó ń mú kí àgbẹ̀ fọ́n oògùn léraléra. Àwọn kan fara mọ́ ọn, àwọn kan ò fẹ́ kí wọ́n gbé e débi oúnjẹ wọn, àríyànjiyàn náà ò tíì tán. Ohun tó yẹ kí gbogbo wọn mọ̀ ni pé ìdin labalábá nìkan ni ohun ìjà yẹn wà fún. Àwọn tó ń fa oje ẹ̀wà lóko ò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀, kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà níhò nínú àpò náà ò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá gbìn ín ṣì gbọ́dọ̀ ronú bó ṣe máa tọ́jú ẹ̀wà rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè.

Ní ti ìtọ́jú, àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ni mo máa sọ pé kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó wo oògùn olómi. Ọ̀rá nípọn méjì ló wà nínú, àpò tí wọ́n hun wà níta. Bí ẹ bá so ó le, àwọn kòkòrò tó wà nínú á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán. Kì í kàn ṣe pé èémí wọn ń ká. Inú oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ yẹn ni ìdin inú ẹ̀wà ti ń rí omi tó ń lò, torí ẹ̀wà gbígbẹ ò ní omi tó tó o. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, omi tán, òùngbẹ ló ń parí wọn. Ẹ sá ẹ̀wà náà dáadáa kẹ́ ẹ tó dà á sínú rẹ̀, ẹ fún afẹ́fẹ́ tó wà lókè jáde, kẹ́ ẹ sì so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó so ti ìta.

Fún ẹ̀wà tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn nìkan, òróró èso dóńgóyárò díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi ra á lára ò ní jẹ́ kí ẹyin kòkòrò rí ibi dúró dáadáa, èròjà kíkorò inú rẹ̀ sì ń ba ìdàgbàsókè ìdin jẹ́. Èyí tẹ́ ẹ máa jẹ, ìkorò rẹ̀ lè wà lẹ́nu yín di ọjọ́ kejì.

Ẹ má ṣí àpò PICS láàárín oṣù kan sí méjì àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún un so lójú ẹsẹ̀, ọ̀rá inú kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni èkejì, kẹ́ ẹ tó so ti ìta. Ọ̀rá tí eku bá ti lu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.